Ọrọ̀-Ajé Ń Kọ́fẹ Padà, Ojú Owó Aláró Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀rọ̀ tó ti gba ẹnu àwọn aláṣẹ àti àwọn oníròyìn wa, pé ọrọ̀-ajé Nàìjíríà ti ń kọ́fẹ padà. Mo ti ka àwọn ìṣirò tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ohun kan wà tí ọ̀wọ́n gógó ti jẹ lára àwọn oníṣẹ́ kéékèèké, àwọn aláró, àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn ahunṣọ, àwọn tó ń rọ ìkòkò, tí kò sí nínú ìṣirò kankan. Ohun náà ni ojú owó wọn. Bí a kò bá sì ka ojú owó mọ́ ohun tó yẹ kó kọ́fẹ padà, ara orílẹ̀-èdè yóò yá tán, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tó jẹ́. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì tẹ́lẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n ọjà dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìgbà náà, ó ti ń rọlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó wà ní ìdá 18.02. Ìdá mẹ́rin ọdún kejì nínú ọdún 2025, GDP wa fi ìdá 4.23 lé sí i. Báńkì Àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́: wọ́n gbé èlé òkè kúrò ní ìdá 27.50, ó di 27. Náírà kò fò sókè-sódò bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Nǹkan gidi nìwọ̀nyí, ẹni tó bá sì ń ta ọjà láàárín ọdún 2024 mọ̀ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ kékeré kọ́ ni kí iye owó má yí padà láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán.

Lóòótọ́, díẹ̀ nínú ìrọlẹ̀ yẹn, kóńgò ni wọ́n pààrọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àjọ ìṣirò NBS yí ọdún tí wọ́n ń gbé ìwọ̀n lé padà, wọ́n sì tún ẹrù tí wọ́n ń wọ̀n tò. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní, ìdá 34.80 di 24.48. Ẹni tó bá lọ ra gààrí lánàá pẹ̀lú kóńgò kan, tó tún lọ lónìí pẹ̀lú kóńgò mìíràn, kò lè fi ẹnu méjèèjì sọ pé gààrí ti wọ́n tàbí pé ó ti pọ̀. Àmọ́ èyí kọ́ ni ẹjọ́ tèmi. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ kóńgò, nítorí ti àtijọ́ ti gbó. Ẹjọ́ tèmi ni pé a ń gbọ́ "ọ̀wọ́n ọjà ti rọlẹ̀" bí ẹni pé "ọjà ti rọlẹ̀" ni wọ́n sọ. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá ń sá ní 120, tó wá dín eré kù sí 60, iwájú náà ló ṣì ń lọ; kò padà sẹ́yìn. Nígbà tí ìdá 34 bá di 18, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọjà ṣì ń gbówó lórí, ó kàn rọra ń gun òkè ni.

Fún òṣìṣẹ́ oṣù, a lè fi owó kún owó oṣù rẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ ńlá, báńkì wà. Ta ni yóò fi kún ojú owó aláró?

Ẹ jẹ́ n ṣírò rẹ̀ fún yín bí mo ṣe máa ń ṣe é lórí pátákó. Ká ní aláró kan ní 300,000 náírà lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ojú owó. Ká ní gbogbo èròjà tó ń wọ inú aṣọ kan, láti orí aṣọ funfun títí dé igi ìdáná, jẹ́ 3,000. Ó rẹ aṣọ 100. Ó tà wọ́n ní 4,000 kọ̀ọ̀kan, ó pa 400,000. Ó mú èrè 100,000 lọ sílé, ó san owó ilé-ìwé, ó ra oúnjẹ, ó sì gbé 300,000 rẹ̀ padà sọ́jà. Ó débẹ̀, wọ́n ní èròjà aṣọ kan ti di 5,000. Aṣọ 60 ni owó rẹ̀ ká. Ó tà á ní 6,500, ó pa 390,000, ó mú 90,000 lọ sílé, ó tún gbé 300,000 padà. Èròjà ti di 7,500. Aṣọ 40 ni. Ó tà á ní 9,500, ó pa 380,000, ó mú 80,000 lọ sílé.

Ẹ wo ìwé ìṣirò rẹ̀: kò sí ìgbà kankan tó pàdánù. Ojú owó rẹ̀ ò dín kọ́bọ̀. Ẹ wá wo inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: aṣọ 100 ti di 40. Nǹkan tó pè ní èrè, ojú owó rẹ̀ ló ń jẹ, kò sì mọ̀. Àwọn ìyálọ́jà wa ní ọ̀rọ̀ kan fún un, wọ́n á ní ẹni náà ti "jẹ owó ọjà." Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹ̀sùn, bí ẹni pé ẹni náà ya àpà. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ò ra léèsì, kò ṣe òkú àgbà. Oúnjẹ ọmọ ló rà.

Ẹ wá jẹ́ ká ní ọ̀wọ́n gógó dúró lónìí, kó dúró pátápátá, kó di òdo. Èròjà aṣọ kan ṣì jẹ́ 7,500. Aṣọ 40 ṣì ni 40. Kí ó tó lè padà sí aṣọ 100, ó nílò 750,000, ohun tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 300,000 lọ. Níbo ni 450,000 tó kù yóò ti wá? Ìdákẹ́ ìjì kì í kọ́ ilé tí ìjì wó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn báyìí, torí èmi náà ni mo kọ́ yín. Ẹ ó ní: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé ẹ̀kọ́ yín. Bí náírà bá rẹlẹ̀, ọjà òkè òkun yóò wọ́n, àwọn èèyàn yóò sì padà sí èyí tí a ń ṣe nílé. Ṣé kì í ṣe oníṣẹ́ kékeré ló yẹ kó jàǹfààní jù?" Mi ò gbàgbé. Ẹ̀kọ́ náà kò sì burú. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lójú wa. Lẹ́yìn tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, tí náírà ṣubú, tí ìjọba sì wá ń fòfin de àlìkámà àti ọkà tí àwọn oníbíà ń kó wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí ńláńlá yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo tiwa. Wọ́n ṣe é, ó sì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú kó ṣeé ṣe: wọ́n ní yàrá ìwádìí, wọ́n ní àwọn onímọ̀, wọ́n sì ní owó tó lè dúró dè wọ́n títí tí iṣẹ́ tuntun yóò fi jọ. Ẹni tó bá ní ojú owó tó nípọn ló lè fi náírà tó rẹlẹ̀ ṣe àǹfààní. Ẹni tí tirẹ̀ bá fẹ́lẹ́, ìyà ni yóò fi jẹ.

Ó tún kù. Kí ló wà nínú ọjà tí a ń pè ní tiwa gan-an? Mo bá ìyá kan tó ń rẹ àdìrẹ ní Ìtokú, l'Abẹ́òkúta, sọ̀rọ̀ lórí èyí. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ ṣe yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù dọ́là? Ṣebí iṣẹ́ ìbílẹ̀ lẹ̀ ń ṣe." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Omi àti ọwọ́ mi nìkan ni kò ti òkè òkun wá." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi: aṣọ funfun, láti òkè òkun ni, aró òyìnbó, láti òkè òkun, kọ́sítíìkì sódà, òkè òkun, ọ̀dà àbẹ́là tó fi ń ya ọnà, òun náà kò jẹ́ ti ibí. Bó o bá yọ láfún tí àwọn ẹlẹ́kọ fi ń ṣe ọnà àti igi ìdáná, dọ́là ló wà nínú ìkòkò aró. Bákan náà ni oníbúrẹ́dì: bí wọ́n bá tilẹ̀ ń lọ ìyẹ̀fun náà ní Èkó, òkè òkun ni a ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà rẹ̀ wá. Òwú aláràbarà tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè, inú ọkọ̀ ojú omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá wá.

Ìkòkò alumínì ńkọ́? Páńtí ni wọ́n ń yọ́, páńtí tiwa sì ni. Mo rò pé ìyẹn á bọ́. Kò bọ́. Àwọn tó ń ra páńtí alumínì láti fi ránṣẹ́ sí òkè òkun ń san owó tó bá dọ́là mu, arọkòkò sì gbọ́dọ̀ bá wọn dù ú. Ohun tí a kò tilẹ̀ kó wọlé rárá, dọ́là ti gun ún lẹ́yìn.

Ká tó kúrò níbẹ̀, iná ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà sí 225 lórí yúníìtì kan. Wọ́n sì dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tí kò sí ní Band A kò sanwó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná ò sí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń gbé ró, epo rẹ̀ sì ni owó ìrànwọ́ ti kúrò lórí rẹ̀. Wẹ́dà, aránṣọ, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kùn, kò sí èyí tí kò kàn nínú wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè gbé ẹ̀rọ gáàsì tirẹ̀ kalẹ̀; kò ṣeé ṣe fún wẹ́dà tó ní ẹ̀rọ kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì.

Ó yẹ kí n dé ibi ètò ìjọba, torí ẹni tó bá ń bú ìjọba láì ka ohun tí wọ́n ṣe, ariwo ọjà lásán ló ń pa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2023, Ààrẹ bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó sì ka ìrànwọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn aṣẹ̀dá ọjà. Ó ní bílíọ̀nù 75 náírà yóò lọ fún ilé-iṣẹ́ 75, bílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní èlé ìdá mẹ́sàn-án. Ó ní bílíọ̀nù 75 mìíràn yóò lọ fún okòwò kékeré àti alábọ́ọ́dé 100,000, láti 500,000 sí mílíọ̀nù kan náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní èlé ìdá mẹ́sàn-án bákan náà. Ó tún ní àwọn tó kéré jù yóò gba 50,000 tí wọn kò ní dá padà, ó sì ka mílíọ̀nù kan èèyàn.

Ẹ fi méjì àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Owó kan náà ni. Apá kan, èèyàn 75 ló pín in. Apá kejì, èèyàn 100,000. Bí a bá pín ti apá kejì dọ́gba, 750,000 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan gba ohun tó ju ti aláró 1,300 lọ. Mi ò sọ pé kí wọ́n má fún àwọn ńlá. Ẹ̀rọ ńlá ń gba owó ńlá. Mo tilẹ̀ gbà pé èèyàn tó ronú owó 750,000 ní èlé ìdá mẹ́sàn-án ronú dáadáa: aláró tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan, tó bá rí i gbà lásìkò, ojú owó rẹ̀ á padà bọ̀ sípò, á sì ṣẹ́ kù. Àmọ́ mélòó ni wọ́n? Ìwádìí tí àjọ SMEDAN àti NBS jọ ṣe sọ pé ní ọdún 2020, okòwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 39, nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì jẹ́ àwọn tó kéré jù. Pín 100,000 sí àárín wọn, ẹnìkan nínú bí irinwó ni ó kàn. Nígbà tí náírà sì ti kọjá 1,500 sí dọ́là nínú oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, 750,000 kan náà kò ra ju nǹkan bí ìdajì èròjà òkè òkun tí ì bá rà lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀. Ẹni tí ètò náà kò bá kàn, báńkì ló kù. Nígbà tí èlé òkè bá wà ní ìdá 27.50, ẹ̀yin náà mọ iye tí yóò jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ aláró, bí wọ́n bá tilẹ̀ dá a lóhùn.

Ti 50,000 náà ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ. Owó ìtura ni, kò sì sí ẹni tí ebi ń pa tí yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó fi èrò ọkàn wa hàn. A gbà pé àwọn ńlá ni wọ́n ń ṣẹ̀dá ọjà. A gbà pé àwọn kékeré kàn ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Nítorí náà a fún ti àkọ́kọ́ ní ojú owó, a fún ti ìkejì ní owó ọbẹ̀.

Nígbà tí ojú owó bá tín-ínrín dé ibì kan, aláró kì í pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ó máa ń ṣe ohun mìíràn. Ó ń dẹ́kun rírẹ aṣọ, ó ń ra èyí tí wọ́n ti tẹ ọnà àdìrẹ sí lára láti òkè òkun, ó sì ń tà á lórí tábìlì kan náà. Kì í ṣe ẹni búburú. Aṣọ títẹ̀ yẹn kò nílò ọmọ iṣẹ́, kò nílò oòrùn, òjò kì í bà á jẹ́, oníṣòwò ńlá sì lè kó o fún un láwìn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ti ṣe irú rẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Procter & Gamble kéde pé àwọn kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó wọlé ni àwọn yóò máa ṣe. Ìyẹn wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn. Aláró tó ṣe ohun kan náà, ta ló kọ nípa rẹ̀?

Ìwé ìṣirò kò lè rí i dáadáa. Tí aláró bá di alágbàtà, wọn yóò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ìṣẹ̀dá ọjà, wọn yóò fi í sábẹ́ kárà-kátà. Kárà-kátà náà wà nínú GDP. Ó tilẹ̀ lè pa owó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Orílẹ̀-èdè á ní òun ń tóbi, a ó sì pàtẹ́wọ́.

Ìtàn irú èyí kì í ṣe tuntun ní Abẹ́òkúta. Onímọ̀ ìtàn Judith Byfield tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2002, The Bluest Hands, lórí àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta láti ọdún 1890 sí 1940. Ẹni tí kò bá tíì kà á, kó wá a kà. Nígbà tí iṣẹ́ náà ń gbèrú ní àwọn ọdún 1920, aṣọ òyìnbó ni àwọn obìnrin yìí ń rẹ, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbà á láwìn. Nígbà tí ọrọ̀-ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, gbèsè ká wọn mọ́. Àwọn aláró ti ń lo aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà, nítorí ó yá ju ẹlú lọ. Ẹjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ pé àdìrẹ ò dára mọ́. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, fòfin de àwọn èròjà wọ̀nyí. Àwọn obìnrin kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 1936 ìjọba amúnisìn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí rẹ̀.

Bí èmi ṣe ka ìtàn yẹn nìyí, ìtumọ̀ tèmi sì ni: àwọn aláṣẹ rí sódà nínú ìkòkò, wọn kò rí gbèsè tó wà nídìí ìkòkò. Ẹni tí ojú owó rẹ̀ ń tán kò lè dúró de ẹlú. Ó nílò kí aṣọ yá kíákíá kí owó tètè wọlé. Bí ojú owó ṣe ń fẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ ń fẹ́lẹ́, bí iṣẹ́ ṣe ń fẹ́lẹ́ ni oníbàárà ń sá. Nígbà tí ọrọ̀-ajé àgbáyé wá gbérí padà, ọjà àdìrẹ kò bá a gbérí. Ó di àwọn ọdún 1960 àti 1970, nígbà tí kàm̀pálà dé, kí iṣẹ́ náà tó tún mí dáadáa. Ìran kan gbáko ti kọjá láàárín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà lónìí ni ọmọ iṣẹ́. Aláró tó ń rẹ aṣọ 100 nílò ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń rẹ 40 nílò ẹyọ kan, ẹni tó ń ta aṣọ títẹ̀ kò nílò ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ tí ì bá kọ́ṣẹ́ yẹn, tí wọn ì bá ṣe fìrídọ̀mù, kí wọ́n gbàdúrà fún wọn, kí wọ́n lọ dá dúró, orí ọ̀kadà ni ẹ ó ti rí wọn. Tí ojú owó bá padà dé lọ́dún mẹ́wàá sí i, ta ni yóò rẹ aṣọ? Ẹ̀rọ ṣeé rà lọ́jọ́ kan, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kò ṣeé rà.

Kí wá ni ṣíṣe? Èrò méjì péré ni mo ní. Ìkíní, kí a yí ìbéèrè padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní àjọ ìṣirò, ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ ètò ìsúná ìpínlẹ̀ wa gbogbo, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ìwé tí àwọn aláṣẹ ń kà. Ẹ yéé bi oníṣẹ́ kékeré pé "èló lẹ pa lóṣù yìí?" Ọ̀wọ́n gógó á jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ máa ga sí i nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń rù. Ẹ bi í pé: àpò ìyẹ̀fun mélòó, aṣọ mélòó, kílò alumínì mélòó ni owó ọwọ́ yín ká lónìí, mélòó ló ń ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023? Ẹ bi í pé ọmọ iṣẹ́ mélòó ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà àti nísinsìnyí. Àpò kì í purọ́ bíi náírà.

Ìkejì, bí a bá fẹ́ dá ojú owó padà, ẹ jẹ́ ká dá a padà ní èròjà. Bí wọ́n bá fún aláró ní 450,000 lówó, kí ó tó dé ọjà, owó ilé-ìwé ti gba tirẹ̀, iye owó ọjà sì ti gba tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláró bá gba aṣọ funfun àti aró lápapọ̀, ní iye osùnwọ̀n, tí wọ́n sì pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ láwìn, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dúró bí onídùúró, aṣọ ni yóò wọlé, aṣọ ni yóò jáde. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ọdún 1920 mọ èyí: aṣọ ni wọ́n ń kó fún àwọn aláró láwìn, wọn kì í kó owó. Ìṣòro tìgbà yẹn ni pé ẹni tó ń kó aṣọ ló tún ń jèrè lórí gbèsè, nígbà tí ìyà sì dé, orí aláró nìkan ló sọ̀ sí. Ẹgbẹ́ tiwọn fúnra wọn lè pín ìyà náà ká. Èyí kì í ṣe idán. Ìpínlẹ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà kan.

Mo bá àwọn tó ń yọ̀ pé ọ̀wọ́n gógó ń rọlẹ̀ yọ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n tí aláìsàn bá dìde lórí ibùsùn, tí ibà ti fi í sílẹ̀, a kì í rán an lọ sóko lọ́jọ́ náà kí a wá ní ó lẹ. A máa ń bọ́ ọ ni. Ibà ti ń lọ, òtítọ́ ni. Àwọn oníṣẹ́ kéékèèké wa ṣì wà níbi tí ibà gbé wọn sí, aṣọ 40 níwájú wọn, a ò sì tíì gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wọn.